Oyún ẹran tó kọjá ọjọ́: ṣé ká fún un ní abẹ́rẹ́ ìrọbí ni?

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní oko alpaca ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóṣù tó kọjá ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Alpaca kan wà níbí, oyún rẹ̀ pé ọjọ́ 361 lónìí, kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ bí. Oṣù mọ́kànlá àbọ̀ ni wọ́n ní ó yẹ kó fi gbé e. Ọ̀gá wa ní ká ṣáà máa wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ṣé kò yẹ kí wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́? Àbí owó dókítà ló ń dun ọ̀gá?"

Mi ò fọwọ́ kan alpaca rí. Ẹran orí òkè Peru ni, ìbátan ràkúnmí tí à ń rí ní Sókótó àti Kàtísínà, àmọ́ kò ní iké, kò sì ga púpọ̀. Irun rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sìn ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àbúrò mi kò ṣàjèjì sí mi. Gwagwalada ni mo ń gbé, ewúrẹ́ pupa Sókótó ni mo ń sìn, kò sì sí ọdún kan tí ẹlẹ́ran ẹlẹgbẹ́ mi kì í pè mí lálẹ́ pé ewúrẹ́ òun ti kọjá ọjọ́, ta ló ní abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ìrọbí ni oògùn tí à ń fún aboyún ẹran kí ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí pé ẹran ti ń rọbí, ọmọ wá há, dókítà fọwọ́ tọ́ ọ jáde. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Èyí tí mò ń sọ yìí, àwa la jókòó tí a pinnu pé òní ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwa èèyàn la ti kó ìbẹ̀rù "ó ti kọjá ọjọ́" wọ ọgbà ẹran. Ọ̀sẹ̀ 40 ni wọ́n ń kà fún obìnrin. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 41, àwọn dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí dírípù, nítorí pé ibi ọmọ a máa gbó, ewu a sì máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Òótọ́ ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Àṣìṣe wa ni pé a gbé kàlẹ́ńdà èèyàn síwájú ẹran.

Ewúrẹ́ ń gbé oyún fún nǹkan bí ọjọ́ 150, ó lè dín márùn-ún, ó lè lé márùn-ún. Àgùntàn kò jìnnà sí i, bí ọjọ́ 147. Màlúù ń lò tó oṣù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, ràkúnmí tó oṣù mẹ́tàlá. Ní ti alpaca, ọ̀pọ̀ ń bí láàárín ọjọ́ 335 sí 350, àmọ́ èyí tó gbé e pé ọdún kan gbáko kò ṣọ̀wọ́n, òmíràn a tún kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ á sì jáde láìsí wàhálà. Wọ́n tilẹ̀ ti kíyè sí i pé èyí tó gba akọ nígbà ìrúwé máa ń pẹ́ kó tó bí ju èyí tó gba akọ nígbà ìwọ́wé lọ. Nọ́ńbà tí ẹ ń rí nínú ìwé, àárín ni. Ẹran tó kọjá àárín kò tíì ṣẹ̀ sófin kankan.

Ta wá ló ń pinnu ọjọ́? Ọmọ inú ni.

Nígbà tí ọpọlọ ọmọ bá gbó dé ìwọ̀n kan, yóò ránṣẹ́ sí ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín rẹ̀, àwọn yẹn á sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni cortisol yìí ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ sọ fún ara ìyá pé àkókò tó. Ó sì ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó, kí ó lè ṣí, kí ó gba atẹ́gùn, nígbà tí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀. Ìránṣẹ́ tó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá, òun kan náà ló ń tún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣe. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú, yóò rí ìdí gbogbo ohun tó kù.

Graham Liggins, dókítà kan ní New Zealand, ló tú àṣírí yìí lára àgùntàn láàárín 1960 sí 1969. Ó rí i pé tí wọ́n bá ba pituitary ọmọ inú jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà kékeré bí ẹ̀wà tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ìyá kò ní bí nígbà tó yẹ. Tí wọ́n bá sì fi cortisol fún ọmọ inú, ìyá á rọbí ṣáájú àkókò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àgùntàn tí kò pé oṣù bẹ́ẹ̀ yà á lẹ́nu: ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò yẹ kó tíì ṣí, atẹ́gùn ti wọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ni òun àti Ross Howie ti dá abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ fún èèyàn, wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1972, òun sì ni wọ́n ń fún aboyún tó fẹ́ bímọ láìpé oṣù títí dòní kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ara àgùntàn ni ẹ̀mí àìmọye ọmọ èèyàn ti wá.

Oyún tó kọjá ọjọ́ lóòótọ́ wà o. Ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, àwọn àgùntàn tó jẹ ewéko kan ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá oyún bí ọmọ olójú kan ṣoṣo láàárín iwájú orí, ọpọlọ wọn kò pé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tí yóò rán níṣẹ́ sí ìyá, oyún á sì máa lọ bẹ́ẹ̀, á kọjá ọjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni. Ohun tí kò ṣọ̀wọ́n ni kí àwa fúnra wa ṣi ọjọ́ kà.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹyin ti jáde nínú ara ewúrẹ́, kókó kan máa ń hù síbẹ̀. Kókó yìí ló ń pèsè progesterone, èròjà tó ń mú kí ilé ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé. Lára ewúrẹ́, ràkúnmí àti alpaca, kókó yìí ló ń di oyún mú títí di ọjọ́ ìbí. Ti àgùntàn yàtọ̀. Ibi ọmọ ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe láti nǹkan bí ọjọ́ 50. Oògùn tó ń jẹ́ prostaglandin ń pa kókó náà. Tó bá ti kú, ewúrẹ́ á ju ọmọ inú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan àbọ̀ sí méjì, ì báà jẹ́ oyún ọjọ́ 150, ì báà jẹ́ oyún oṣù méjì. Oògùn kò mọ ọjọ́ kà. Ohun tí a bá sọ fún un ló gbà gbọ́.

Ẹ wá wo ohun tí à ń sọ fún un. Òbúkọ ń gbé pẹ̀lú abo nínú ọgbà. Ẹ rí i tó gùn ún ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oyún kò dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 ara rẹ̀ tún béèrè akọ, òbúkọ gùn ún lóru, ẹ ò rí i. Lọ́jọ́ tí ìwé yín bá sọ pé ọjọ́ 150 pé, ọmọ ọjọ́ 129 ló wà nínú ewúrẹ́ yẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra abo kan, ẹni tó tà á sì ní oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta géérégé. Mo kà á, mo tún un kà. Nígbà tí ọjọ́ pé tó tún fi mẹ́fà lé, ara mi kò balẹ̀ mọ́, mo pe ọkùnrin kan tó máa ń fi ọ̀kadà gbé oògùn ẹran kiri. Kò wo ọmú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìdí ìrù rẹ̀. Ó gún un, ó gbowó, ó lọ. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, nínú òtútù ọyẹ́, ó bí méjì. Irun ara wọn fẹ́lẹ́ débi pé mò ń rí awọ pupa lábẹ́ rẹ̀. Pátákò wọn rọ̀ bí ẹyin sísè. Èyí àkọ́kọ́ ya ẹnu, ó pa á dé, ó tún yà á, bí ẹja tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀; ìhà rẹ̀ ń wọnú, kò sí atẹ́gùn tó wọlé. Mo nù ún, mo fi í sínú ẹ̀wù mọ́ àyà mi. Kò tó wákàtí kan. Èkejì kò tilẹ̀ mí. Ọmú ìyá wọn pẹlẹbẹ, kò sí wàrà níbẹ̀. Ọmú yẹn ló yẹ kí n wò. Ó ti ń sọ ọ́ fún mi láti ọ̀sẹ̀ kan pé kò tíì tó.

Ní báyìí, ọwọ́ ni mo fi ń wádìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù ewúrẹ́, iṣan méjì wà lọ́tùn-ún lósì tó le bí okùn tí a fà. Nígbà tí ìbí bá kù bí ọjọ́ kan, wọ́n á dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn yí ìdí ìrù ká. Ọmú á kún, á máa dán. Á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, á máa fẹsẹ̀ walẹ̀. Tí mi ò bá rí ìwọ̀nyí, tó ń jẹun, tó ń jẹ àpọ́jẹ, mo máa ń fi í sílẹ̀.

Ní ti alpaca, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí mo sì sọ fún àbúrò mi nìyẹn. Dexamethasone, oògùn tó jọ cortisol, tí dókítà lè fún màlúù ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn oyún kó sì bí láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, lè pa ọmọ sínú alpaca. Dinoprost, ọ̀kan nínú ẹbí prostaglandin, wà nínú àkọsílẹ̀ pé ó ti pa llama, ìbátan alpaca tó sún mọ́ ọn jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń yan cloprostenol, òmíràn nínú ẹbí náà, dípò rẹ̀ tí ọ̀ràn bá di dandan. Oògùn mìíràn tó ń jẹ́ oxytocin sì ń mú ilé ọmọ sún kì. Tí ẹnu ilé ọmọ kò bá tíì ṣí, tàbí tí ilé ọmọ bá ti lọ́, ó lè fà á ya. Bẹ́ẹ̀, kí ilé ọmọ lọ́ kì í ṣe ohun tó jìnnà sí alpaca tí oyún rẹ̀ ti gbó: á dùbúlẹ̀, á dìde, á máa yí gbiri, á máa tàpá sí ikùn ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti ń rọbí.

Ọmọ tí wọ́n bá sì fi abẹ́rẹ́ lé jáde láìtó àkókò, etí rẹ̀ á wọ́ sílẹ̀ bí ewé tó rọ, eyín iwájú rẹ̀ kò ní tíì yọ, kò ní lágbára láti dìde lọ mu ọmú. Ìbẹ̀rù pé ọmọ tó pẹ́ nínú á tóbi jù, kò ní lè jáde, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lára ẹran yìí.

Mo ní kó lọ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ scan wò ó. Ohun tí dókítà ẹran máa kọ́kọ́ wá nìyẹn: ṣé oyún tilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n ní ó "kọjá ọjọ́" mìíràn kò lóyún rárá, tó bá sì wà, ṣé ọmọ wà láàyè, ṣé ọkàn rẹ̀ ń lù. Ó ní wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́kàn rẹ̀, ọ̀gá yẹn kì í ṣe ahun.

Ìgbà wà tí abẹ́rẹ́ tọ́, tó sì yẹ ká tètè ṣe é. Ewúrẹ́ tó lóyún ìbejì tàbí ẹ̀ta tí kò jẹun mọ́, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tó ń ha eyín, tí èémí rẹ̀ ń rùn lọ́nà kan tó dùn bí èso tó ti pọ́n jù: ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jó láti fi bọ́ àwọn ọmọ, ó lè kú kí wọ́n tó jáde. Dókítà lè ní ká mú un bí kí ìyá lè yè. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọmọ bá ti kú sínú, tí omi tó ń rùn ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìyá bá fara pa débi tí kò lè gbé e dópin. Ní oko tí wọ́n ti ń mú akọ wá bá abo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ọjọ́ dájú, wọ́n tún lè lò ó kí gbogbo ewúrẹ́ lè bí lójú mọmọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí, èmi ò ṣe é, mi ò sì ní bá ẹni tó bá ṣe é jà.

Àmọ́ kí ó jẹ́ dókítà ni yóò gún un. Ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì wà níbí ní Gwagwalada, òmíràn wà ní Zaria. Prostaglandin a máa gba awọ wọlé; aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ó lè ba oyún rẹ̀ jẹ́, ẹni tó ní ikọ́ fée náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Mo ti rí ìyàwó ilé tó lóyún tó ń bá ọkọ rẹ̀ di ìgò náà mú.

Tí ẹ bá sì rí i tí ẹran ń tiraka tó ń fi agbára ti ọmọ síta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí nǹkan kan kò yọ, ẹ pe dókítà, ẹ má dúró. Fún alpaca, wákàtí náà tún ń sọ̀rọ̀. Orí òkè tí wọ́n ti wá ní Peru tutù púpọ̀ lóru, ọmọ tó bá tutù kó tó gbẹ á kú. Nítorí náà òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni wọ́n sábà ń bí. Èyí tó bá ń rọbí nírọ̀lẹ́ ni kí a ṣọ́ra fún.

Ọjọ́ 368 ni alpaca yẹn bí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Abo ni. Àbúrò mi fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́: etí rẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán, eyín kékeré ti yọ níwájú, ó ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ń fi ẹnu wá ọmú ìyá rẹ̀ ní abẹ́ ẹsẹ̀ iwájú.