Àìríṣẹ́ṣe àti iṣẹ́ telesales tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe

Telesales ni kí ènìyàn máa ta ọjà fún oníbàárà lórí fóònù láìfojú kan ara wọn. Bí ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà kò bá gba àwọn atajà wọ̀nyí síṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe àdéhùn pé kí ó máa bá òun pe àwọn ènìyàn, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe lè wà nínú ìlú, ó sì lè wà lókè òkun. Púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé jáde ló ń lọ sí Cape Town, Durban àti Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pọ̀ sí, tí aago wọn sì fi wákàtí kan tàbí méjì péré ṣáájú ti London.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àìríṣẹ́ṣe dára fún agbaṣẹ́ṣe, nítorí pé ó ń rí òṣìṣẹ́ tó pọ̀ gbà ní owó táṣẹ́rẹ́. Apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ náà nira ju bí ó ti rí lójú lọ. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kì í tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a pè é, bí ìpè kan bá sì ti parí, ohùn ẹlòmíràn ti dé sí i létí, orúkọ onítọ̀hún àti ọ̀rọ̀ tí yóò bá a sọ ti wà lójú ẹ̀rọ níwájú rẹ̀. Ó lè gbọ́ “mi ò fẹ́” ní ọgọ́ta ìgbà kí ó tó rí ẹyọ ẹnì kan tí yóò ra ọjà. Abájọ tí àwọn tó bá rí iṣẹ́ mìíràn kì í fi í pẹ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, tí agbaṣẹ́ṣe yóò sì tún náwó láti kọ́ àwọn tuntun. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ́n, bí ó ti rí ní Gúúsù Áfíríkà ní ìparí ọdún 2021, tí àìríṣẹ́ṣe dé ìdá 35.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó ti jókòó kì í tètè dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà o. Ibi tí wọn yóò lọ ni kò sí.

Apá kejì ni a sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn ni pé àìríṣẹ́ṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ti ìlú ẹni tó ń pè àti ti ìlú ẹni tí wọ́n ń pè. Ní ìparí ọdún 2011, àìríṣẹ́ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ga dé ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan ní Manchester tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ Durban kan wá pè láti ta ìbánigbófò fún un. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ó bá tilẹ̀ gbà nítorí ìtìjú, òfin ilẹ̀ náà fún ẹni tó ra ọ̀pọ̀ nǹkan lórí fóònù ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, bí ó bá sì yí i padà, kọ́míṣọ̀n, ìyẹn owó orí ọjà tó tà, tí ọmọ Durban ti ń kà mọ́ owó rẹ̀ lè wọmi.

Irú àdéhùn tí wọ́n ṣe ló ń sọ ẹni tí àdánù náà yóò já lé. Bí ó bá jẹ́ iye wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún agbaṣẹ́ṣe, ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde ló ń ru ẹrù ọjà tí kò tà; bí ó bá jẹ́ iye ọjà tó tà ni, agbaṣẹ́ṣe ló ń rù ú, kì í sì í pẹ́ tí òun náà fi ń sọ ọ́ lé òṣìṣẹ́ lórí, nípa dídín owó oṣù kù kí kọ́míṣọ̀n lè tóbi. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àìríṣẹ́ṣe ti ń ta òṣìṣẹ́ jù, nítorí kò lè kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àìríṣẹ́ṣe nìkan kò lè fa iṣẹ́ yìí wọ ìlú. Fún ìparí ọdún 2020, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà, kéde pé àìríṣẹ́ṣe dé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ìṣirò tí wọ́n ń lò nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ wa sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìpè láti London kò rọ́ wá sí Èkó bí ó ti rọ́ lọ sí Cape Town. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé láti ọdún 2007 ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìrànwọ́ fa àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn oníbàárà òkèèrè.