Bí iná bá lọ, kí ni omi inú táǹkì ẹja yín yóò ṣe?

Ẹ má fi ìgbà tí irinṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ mọ bó ṣe dára tó. Bí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín to asẹ́, pọ́ǹpù àti páìpù fún táǹkì ẹja tán, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún kì í bọ ara ògiri padà. L'Abẹ́òkúta, láti Ìbàrà dé Ọbáńtokò, iná IBEDC lè lọ ní ọ̀sán, kó sì dé láàárín òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Púpọ̀ nínú fídíò tí àwọn èèyàn ń wò kọ́ iṣẹ́ yìí wá láti ìlú tí iná kì í ṣàdédé lọ. Ẹni tó ṣe é níbẹ̀ kò ní ìdí láti ro ohun tí omi yóò ṣe bí pọ́ǹpù bá dákẹ́. Àwa ní ìdí púpọ̀.

Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ló wọ́pọ̀ jù, òun la ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sórí pákó ìsàlẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má baà pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn, kò séwu. Bí iná bá lọ, omi lè gun rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà kó sì ré ẹnu táǹkì kọjá. Tó bá ti ré kọjá, yóò máa ṣàn wá sísàlẹ̀ láìdúró. Nítorí pé ìsàlẹ̀ táǹkì ni òpin rọ́bà náà wà, ó lè fa omi títí tí yóò fi ku díẹ̀ kí táǹkì gbẹ. Inú pọ́ǹpù ni omi yẹn yóò sì gbà dé ibi tí wáyà wà. Ẹ gbé pọ́ǹpù sí ibi tó ga ju ojú omi lọ. Bí àyè kò bá gbà, ẹ ra fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà, ẹ fi sí àárín rọ́bà. Kí ẹ tó fi sí i, ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ láti ìhà méjèèjì: ìhà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sí i ní òdì, wọ́n á wá rò pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́.

Ti wáyà kò gba àwàdà rárá. Wáyà tó ń ti táǹkì bọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà sínú rẹ̀, kí omi tó bá gba ara wáyà wá lè kán sílẹ̀ ní ibi tó rọ̀ jù. Ẹ má fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ táǹkì. Bí wáyà pọ́ǹpù inú omi bá kúrú, ẹ má so òmíràn mọ́ ọn kí ẹ wá fi téèpù dúdú wé ojú rẹ̀ bọ inú omi. Téèpù kì í dá omi dúró, iná ilé wa sì jẹ́ 230 fóòtì. Ó ń pa èèyàn. Oníwáyà tó mọṣẹ́ lè fi suwíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá jò tó 30 mìlíáńpì sí ibi tí táǹkì wà. Síbẹ̀, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kódà bí iná kò bá sí: ó lè dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú omi.

Nínú gbogbo asẹ́ tí èèyàn lè ṣe nílé, asẹ́ fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń lò ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ìlú yìí. Páìpù PVC 20 mìlímítà ni ẹ ó lò. Ẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lu ihò mìlímítà márùn-ún yí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ìsàlẹ̀ ká, ẹ wá fi fóòmù bo ibẹ̀. Rọ́bà afẹ́fẹ́ yóò gba ẹnu òkè wọ inú páìpù. Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí: rọ́bà náà kì í wọlẹ̀ tó. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ló ń gbé omi dání. Bó bá jẹ́ ìka méjì lábẹ́ ojú omi ló ti ń jáde, ẹ ó rí ìfóòfó púpọ̀, omi tó sì ń gba inú fóòmù kọjá kò ní tó nǹkan. Ẹ tì í wọlẹ̀ dé ibi tí àwọn ihò náà wà. Fóòmù ibùsùn lásán kì í pẹ́ dí, torí ojú rẹ̀ kéré jù. Ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní àwọ̀ tó ń ṣí tàbí òórùn kankan, ẹ sì fi omi nìkan fọ̀ ọ́, láìsí ọṣẹ.

Inú fóòmù yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá yín tọ́jú ẹja ń gbé. Wọ́n ń sọ amóníà tó ń ti ara ẹja jáde di náítíráìtì, wọ́n á tún sọ ìyẹn di náítíréètì tí oró rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ọ́síjìn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, klorín tó wà nínú omi ẹ̀rọ sì ń pa wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé asẹ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun ń ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bu omi táǹkì sínú ọpọ́n, ẹ fún fóòmù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó.

Bí iná bá lọ, fóòmù tó wà ní gbangba inú táǹkì ṣì ń rí ọ́síjìn díẹ̀ gbà. Asẹ́ oníkẹ́ẹ̀gì tàbí oní-ike ọ̀dà tí wọ́n dé pa kò rí i gbà. Láàárín wákàtí mélòó kan, ọ́síjìn inú rẹ̀ á tán, àwọn kòkòrò náà á máa kú, omi ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Bí iná bá dé, omi rírà yẹn ni pọ́ǹpù yóò kọ́kọ́ tú lé ẹja lórí. Ìdí nìyí tí ẹja kan fi ń kú lẹ́yìn tí iná dé, tí onílé á sì máa dá ooru lẹ́bi. Bí ẹ bá ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀, tí iná sì pẹ́ kó tó dé, ẹ ṣí i, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi táǹkì ṣan án kí ẹ tó tàn án. Ẹ má sì fún ẹja lóúnjẹ nígbà tí iná kò bá sí.

Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 7 áńpì-wákàtí lè gbé pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré dúró. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ 84 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n ẹ má lò ju ìdajì lọ kó má baà tètè bàjẹ́. Pọ́ǹpù bátìrì tó ń jẹ wáàtì márùn-ún yóò ṣiṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́jọ lórí rẹ̀.

Ibi tí omi ti ń ba yàrá jẹ́ jù ni táǹkì ìsàlẹ̀. Táǹkì ńlá wà lókè, èyí tó kéré wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ rẹ̀. Omi ń gba páìpù kan ṣàn wálẹ̀, pọ́ǹpù ń gba páìpù kejì dá a padà sókè. Ètò tó dára ni. Àmọ́ bí pọ́ǹpù bá dúró, omi inú páìpù ìdápadà á yíjú padà, á máa fa omi òkè wálẹ̀ bí awakọ̀ ṣe ń fi rọ́bà fa epo láti inú ọkọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò ní dúró títí ojú omi yóò fi wálẹ̀ kọjá ẹnu páìpù náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní táǹkì òkè gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 45. Sẹ̀ǹtímítà kan omi ibẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Bí ẹnu páìpù ìdápadà bá rì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, lítà 32 ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Táǹkì ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 60 nígùn, 30 ní fífẹ̀, 30 ní gíga ń gba lítà 54. Bí ẹ bá ti rọ omi dé 25 sẹ̀ǹtímítà nínú rẹ̀, lítà mẹ́sàn-án péré ni àyè tó kù. Lítà 23 yòókù ń lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbé ẹnu páìpù náà sókè kó má rì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ tún lu ihò mìlímítà mẹ́rin sí ara rẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé já ìfàsẹ́yìn náà gbàrà tí omi bá sọ̀. Ìgbín kékeré tàbí nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé máa ń dí ihò yìí, nítorí náà ẹ máa fi igi ìtayín gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Púlọ́ńbà lè ní kí ẹ fi fáàfù sí i dípò ihò. Kò burú bí àfikún, ṣùgbọ́n yanrìn kékeré kan tó há sí ẹnu fáàfù kò ní jẹ́ kó pa dé, ihò ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí gbogbo omi tó fẹ́ sọ̀ sọ̀ tán, ẹ wá rọ omi sí táǹkì ìsàlẹ̀ títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kó kún. Ẹ tan pọ́ǹpù padà. Nígbà tí omi bá dúró sójú kan, ẹ fi máákà fa ìlà síbẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rọ omi kọjá ìlà yẹn láé.

Bí iná bá dé, ewu mìíràn ń bọ̀. Páìpù tí wọ́n tẹ̀ kọjá etí táǹkì láti máa fa omi wálẹ̀ lè ti gba afẹ́fẹ́ sínú nígbà tí iná kò sí. Pọ́ǹpù yóò máa gbé omi lọ sókè, omi kò ní rí ọ̀nà padà wá, táǹkì òkè yóò sì kún àkúnya. Ó sàn kí ẹ lu gíláàsì fún páìpù ìsọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú dírìlì ẹlẹ́nu dáyámọ́ǹdì, kí omi sì máa rin ín bí ẹ ṣe ń lu ú. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé gíláàsì náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi iná mú le, irú ti ilẹ̀kùn: gbogbo rẹ̀ ló máa fọ́ yángá lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì fi gíláàsì pààlà sí táǹkì ìsàlẹ̀, kí omi tó wà ní ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù má ju lítà 15 lọ. Bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún bá ṣófo lókè, lítà 20 lè gba ibẹ̀. Bí páìpù bá wá dí, omi ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù yóò tán kí táǹkì òkè tó kún.

Ti gíláàsì kò kan iná, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Jíjìn omi ló ń ti gíláàsì, kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó. Fún táǹkì 60×30×30, mìlímítà mẹ́fà tó. Fún 90×45×45, ẹ lo mìlímítà mẹ́wàá. Omi àti gíláàsì èyí kejì yìí wúwo ju 200 kílò lọ, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin nìyẹn, kí ẹ tó da òkúta sí i. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Sílíkóònù tí kò ní oògùn àtakò-èébu nínú ni kí ẹ rà. Ti balùwẹ̀ sábà máa ń ní in, ó sì ń pa ẹja. Sílíkóònù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbẹ, nítorí náà, bí táǹkì bá ń jò, ẹ há ti àtijọ́ kúrò tán kí ẹ tó fi òmíràn sí i, ẹ sì fún un ní ọjọ́ méje kí omi tó kàn án.

Òkúta dúdú tó yí Olúmọ ká kò léwu nínú omi. Ti Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú omi le. Ẹ kán ọtí kíkan sí òkúta tí ẹ kò bá mọ̀. Bó bá hó, ẹ fi sílẹ̀. Kọ́pà, bíráàsì àti páànù kò gbọ́dọ̀ kan omi rárá.

Oògùn ẹ̀fọn ló kù. Ohun tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ bá rí nínú yàrá ló ń fẹ́ sínú omi, oògùn tí wọ́n ń fọ́n pa ẹ̀fọn sì ń pa ẹja kódà bó kéré. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà kò dára, ẹ má fi pọ́ǹpù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n oògùn, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu táǹkì pátápátá, ẹ ṣí fèrèsé lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́n ọn tán, kí ẹ má sì tan pọ́ǹpù padà títí òórùn náà yóò fi lọ tán.