Kóòdù Alájọlò: Láti Àpótí Irin Cambridge Dé Fódà Vendor

Wọ́n á ní npm, ibi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń pín kóòdù, ló bẹ̀rẹ̀ àṣà kí a máa lo kóòdù tí ẹlòmíràn kọ. Mo ti gbọ́ ọ títí, kò sì tọ̀nà. Ọdún 2010 ni npm dé, nígbà tí CPAN, ìkànnì àwọn tó ń fi èdè Perl kọ kóòdù, ti ń pín kóòdù fún gbogbo ayé láti 1995. Ẹ jẹ́ ká fi npm sílẹ̀ níbẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó sì sọ ọ́ di àṣà láàárín framework wẹ́ẹ̀bù (ìpìlẹ̀ kóòdù tí à ń kọ́ ìkànnì lé) tó ń bára wọn du oníbàárà, àwa tó ń fi èdè PHP kọ kóòdù ni.

Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Oṣù karùn-ún ọdún 1949 ni kọ̀ǹpútà EDSAC ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Maurice Wilkes ni olórí. David Wheeler, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára àwọn tó ń ṣètò bí wọn ó ṣe máa pàṣẹ fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò yẹ kí olúkúlùkù máa kọ ohun kan náà lákọ̀tun. Wọ́n kó àwọn ègé kóòdù tó ti ṣiṣẹ́ jọ, wọ́n lù wọ́n sórí téèpù bébà, wọ́n tò wọ́n sínú àpótí irin. Ẹni tó bá nílò ọ̀kan á mú un, á ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí téèpù tirẹ̀, á sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ní 1951, Wilkes, Wheeler àti Stanley Gill tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ náà.

Bí mo bá fojú inú wo àpótí yẹn, fódà vendor ni mo ń rí, ibi tí àwa ará PHP ń kó kóòdù tí ẹlòmíràn kọ sí. Ẹnì kan ní láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó na ọwọ́ síbẹ̀, tó mú téèpù tí kò bá wọn kọ. Ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ ka ihò ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má kà á rárá, kó kàn mọ ẹni tó kọ ọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ọjọ́ yẹn ni ohun tí à ń ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi: èèyàn gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn ka orí ìgbàgbọ́, ó sì kọ́ tirẹ̀ lé e.

Ní 1955, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ IBM ní Los Angeles dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa fún ara wọn ní kóòdù. SHARE ni wọ́n pè é. Yorùbá ti ní orúkọ fún irú rẹ̀ tipẹ́, orúkọ náà kì í sì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ pe èèyàn, kó bọ́ wọn, kí kálukú sì máa lọ sílé. Àáró ni kí a ro oko mi lónìí, kí a ro tìrẹ lọ́túnla. Kóòdù tí mo lò, tí mo rí àṣìṣe nínú rẹ̀, tí mo tún un ṣe tí mo sì dá a padà, àáró nìyẹn. Ẹni tó ń lò ó lọ́dọọdún láì dá nǹkan kan padà ti sọ àáró di ọ̀wẹ̀, oúnjẹ onílé ló sì ń jẹ.

Ká bọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù. Django, framework èdè Python tó jáde ní 2005, fúnra rẹ̀ kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń lò. Ẹ má jẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Drupal, ètò PHP tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni kí ẹ wò. Dries Buytaert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé e jáde ní 2001. “Dorp” ló fẹ́ fi sọ ìkànnì rẹ̀, ìyẹn abúlé lédè Dutch. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ó tẹ “drop”, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ara “druppel”, ẹ̀kán omi, ni Drupal ti wá. Abúlé ni í ṣe lóòótọ́, abúlé tó ní odi. Òfin drupal.org nígbà náà ni pé o kò gbọdọ̀ di kóòdù ẹlòmíràn mọ́ module (àfikún Drupal) tí o bá fi síbẹ̀. Èmi náà ti fọwọ́ ara mi gbé library, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn kọ, sínú fódà sites/all/libraries láìmọye ìgbà. Ìdí wà fún òfin náà: bí library kan bá ní àléébù ààbò, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ogójì module, ta ni yóò máa wá wọn kiri?

Ohun tó wó odi náà wá láti Faransé. Fabien Potencier ló dá Symfony, framework PHP kan, sílẹ̀ ní 2005. Ní 2011, Symfony 2 jáde ní ègé ègé, tí o lè mú HttpFoundation, ègé tó ń bójú tó ìbéèrè àti èsì wẹ́ẹ̀bù, nìkan kí o fi ìyókù sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2009, àwọn olórí framework PHP ti jókòó pọ̀ ní Chicago. Ibẹ̀ ni PSR-0 ti wá, àdéhùn lórí bí a ó ṣe máa sọ kíláàsì (ègé kóòdù tó dá dúró) lórúkọ kí kóòdù èmi àti tìrẹ má baà forí gbárí. Àdéhùn yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ.

Ìyókù yára. Nils Adermann àti Jordi Boggiano gbé Composer, irinṣẹ́ tó ń kó kóòdù ẹlòmíràn wá sínú fódà vendor, jáde ní 2012. Laravel 4, framework PHP mìíràn, dúró lé e lórí ní 2013. Àwọn kan nínú Drupal ò fẹ́ ìyípadà tí Drupal 8 ń mú bọ̀, wọ́n yà lọ dá Backdrop sílẹ̀. Drupal 8 jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 2015, tòun ti àwọn ègé Symfony nínú rẹ̀. Ẹ ṣí fódà vendor inú Laravel lónìí, ẹ ó bá symfony níbẹ̀. Ẹ ṣí ti Drupal, òun náà lẹ ó bá.