Ẹ Má Pè É ní Adènà-Ìmìtìtì: Irin Agbàmọ́ra Ni

Irin kan wà tí wọ́n ń fi dábùú sáàárín pílà ilé nítorí ìmìtìtì ilẹ̀; "buckling-restrained brace" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. A ń wá orúkọ Yorùbá fún un, ni ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń túmọ̀ ìwé bá fi "irin adènà-ìmìtìtì-ilẹ̀" ránṣẹ́ sí mi. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ta ló ń dènà ìmìtìtì ilẹ̀? Ní Kobe, ní Jàpáàn, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 péré, èèyàn tó kú lé ní 6,000. Irin wo ló fẹ́ dènà ìyẹn? Wọ́n tún gbé "irin aláìtẹ̀" dé. Èyí tilẹ̀ burú jù, torí iṣẹ́ irin náà gan-an ni kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ìyẹn ni pé kó nà tàbí kó súnkì kọjá ibi tó ti lè padà sípò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní tiwọn ń pè é ní "bíréèsì", bí ẹni pé eyín ilé ló wọ́ tí wọ́n fẹ́ tún un tò.

Èmi pè é ní irin agbàmọ́ra. Ẹni tó ń gba nǹkan mọ́ra, kì í ṣe pé kò dùn ún; ó ń fara gbà á kí ará ilé lè sinmi ni. Irin tó dábùú láti ìdí pílà kan dé orí èkejì nìyẹn: òun ni yóò nà, òun ni yóò súnkì, kí pílà àti bíìmù má baà fara gbọgbẹ́.

Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Ẹ fà á lórí, ẹ fà á nídìí, kò mira. Ẹ wá gbé e nàró lórí tábìlì, kí ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ lórí: àárín rẹ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè kán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ kì í bọ ike báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, tí orí rẹ̀ yọ díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín, kò ríbi yẹ̀ sí. Ìgbálẹ̀ ni irin àárín. Báírò ni páìpù tí wọ́n rọ kọnkéré kún, wọ́n sì ti fi nǹkan wé irin náà kó má baà lẹ̀ mọ́ kọnkéré ọ̀hún.

Ìdánwò rẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní pè é ní àyẹ̀wò. Ojú la fi ń yẹ nǹkan wò. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ irin yìí. Ẹ̀rọ á dì í mú lórí àti nídìí, á fà á, á tì í, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, á sì máa le sí i títí yóò fi dé ìlọ́po méjì ibi tí ẹnjiníà retí pé ìmìtìtì lè gbé e dé. Síbẹ̀ wọn ò ní fi í sílẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ní bí wọ́n bá ro gbogbo nínà àti súnkì tí kò padà sípò pọ̀, ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 200 ìwọ̀n nínà tó kọ́kọ́ mú irin náà jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ já. Jàpáàn ló kọ́kọ́ fi í kọ́lé. Ní 1999, Fásitì Kalifọ́níà ní Berkeley dán an wò fún ilé kan ní Davis.

Ẹ̀gbọ́n fèsì lánàá. Wọ́n ní "agbàmọ́ra" jọ orúkọ oògùn ẹ̀yìn ríro. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò yí i.