Kẹ́ẹ̀gì Òfìfo Lórí Òkè Wetterstein

Bàbá kan pè mí láti Manchester lóṣù kẹfà. Wọ́n ní àwọn àti àwọn márùn-ún kan nínú ìjọ àwọn ń bọ̀ wá wo òkè tó ga jù lọ ní Jámánì, wọ́n sì ti gbọ́ pé èmi ni ọmọ wa tó ń fi ènìyàn mọ̀nà níbẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé kẹ́ẹ̀gì mélòó ni kí àwọn gbé dání. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé lítà méjì omi mímu, ó kéré tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọmọ mi. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni mò ń wí. Wọ́n ní omi kan ń jáde látinú òkúta lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, pé ó ń wo aláìsàn sàn."

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ibi tí omi ń gbà nínú òkúta. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ ní Garmisch-Partenkirchen, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Bí ìgbà ooru bá dé, mo máa ń mú àwọn ènìyàn wa gòkè. Nínú gbogbo wọn, oríṣi méjì ló ń dá mi lágara. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó gòkè láìgbé omi, nítorí pé ó rí yìnyín lókè, ó ní ibi tí yìnyín bá wà, omi ò lè wọ́n. Ìkejì ni ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọn ò mọ irú òkúta tí wọ́n dúró lé.

Ọ̀pọ̀ wa ò mọ òkè ju Olúmọ àti Ìdànrè lọ. Òkúta tí ooru inú ilẹ̀ sè nìyẹn, ó le, ó dì. Òjò tó bá rọ̀ sí i, orí rẹ̀ ni yóò ti ṣàn wálẹ̀, tàbí kó dúró sínú kòtò. Ẹ gbàgbé ìyẹn. Òkúta ẹfun ni Wetterstein, ọ̀wọ́ òkè tí mo ń wí yìí, ẹbí èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ àná ni ti Ewékorò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní bíi mílíọ̀nù 240 ọdún sẹ́yìn, òkun olóoru tí kò jìn ló wà níbẹ̀. Àwọn ewédò tó ń fi ẹfun kọ́ ara, pẹ̀lú kànìnkànìn inú òkun àti iyùn, ń kú, wọ́n ń gorí ara wọn. Ilẹ̀ òkun ń rì díẹ̀díẹ̀, àwọn náà ń ga sí i, títí òkúta náà fi nípọn tó bíi kìlómítà kan láwọn ibì kan. Nígbà tí Áfíríkà wá ń ti Yúróòpù, gbogbo rẹ̀ ká, ó sán, ó dìde. Ilẹ̀ wa ló tì í dìde. Mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn ará Bàfáríà, ìpínlẹ̀ Jámánì tí òkè náà wà, létí nígbà tí wọ́n bá ń fi òkè wọn yangàn.

Ibi tó wà? Ààlà Jámánì àti Ọ́síríà. Odò Loisach wà ní ìhà kan, Isar ní ìhà kejì, àfonífojì Leutasch ní gúúsù. Zugspitze, 2962 mítà, ni olórí wọn, ọ̀wọ́ òkè mẹ́ta ló sì pàdé níbẹ̀. Àfonífojì Höllental àti Reintal wà láàárín wọn, pẹ̀lú pẹpẹ òkúta fífẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Platt. Ìhà àríwá dà bí ògiri: láti adágún Eibsee tó wà ní nǹkan bíi 970 mítà, òkè náà gbéra, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹgbẹ̀rún méjì mítà ga ju adágún náà lọ. Adágún yẹn gan-an, òkè ló bí i. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn, apá kan Zugspitze ya lulẹ̀, inú àwókù rẹ̀ ni omi dúró sí. Ìyókù wà lórí máàpù. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè tí kò lè wo máàpù, kó jókòó sílé.

Omi ni mo fẹ́ sọ.

Omi òjò kì í ṣe omi lásán. Ó ń gbé irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde bọ̀ láti òfuurufú, ó tún ń kó o sí i nínú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí sì ń mú un kan díẹ̀. Ẹ kán fíníígà sórí òkúta ẹfun, ẹ ó rí i tí yóò hó. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe ń jẹ Wetterstein, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú kò rí i. Ibi tí òkúta bá ti sán ló ń gbà wọlé. Ó ń fẹ ojú ibẹ̀, omi tó pọ̀ sí i á tún wọlé, yóò tún fẹ̀ ẹ́, títí ibi tí kò gba ewé tẹ́lẹ̀ á fi gba ènìyàn. Orí òkúta náà á wá rí bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á ní ìlà ìlà, ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan sì mú tó láti ya bàtà yín.

Nǹkan bíi 2000 mílímítà ni òjò àti yìnyín tó ń bọ́ sórí Zugspitze lọ́dún, ó fi dáadáa ju ti Ìbàdàn lọ. Síbẹ̀, ẹ rin Platt já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní rí odò kan ṣoṣo tó ń ṣàn yípo ọdún. Àwọn kan sọ fún mi pé iwin ló ń gbé e mì. Ọ̀kan nínú wọn ní dìgírì méjì. Ẹ jọ̀ọ́. Lábẹ́ òkúta ẹfun yìí, ìpele òkúta mìíràn wà tó ní amọ̀ nínú, omi ò sì rọ́nà gbà níbẹ̀. Àwọn ìpele náà tẹ̀ kòtò bí abọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sókè kó lè dà sí ìlà-oòrùn. Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú abọ́ náà, etí kan ni yóò gbà jáde: ìsun odò Partnach, ní nǹkan bíi 1440 mítà, nínú Reintal. Àwọn onímọ̀ ti da aró sínú ihò lórí Platt, wọ́n sì rí aró náà níbi ìsun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aró yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan láti Berlin gba ọ̀nà Reintal lọ sókè lọ́dún kan. Ọ̀nà yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlélógún, ìgòkè rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún méjì mítà. Ìgò Coke kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú dání. Mo bá wọn lókè ilé ìsinmi Knorrhütte, ètè wọn ti funfun, ọ̀kan ń bu yìnyín ìdọ̀tí jẹ. Ó ní àwọn rí ìlà búlúù lórí máàpù fóònù, àwọn rò pé odò náà á bá àwọn dé òkè. Ìlà búlúù náà ni Partnach. Wọ́n ti fi ìsun rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn láti wákàtí mélòó kan. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi, òùngbẹ sì ń pa wọ́n.

Ẹ má sì gbára lé yìnyín. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ yìnyín ní àjọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Bàfáríà yọ Schneeferner ti gúúsù, yìnyín ńlá kan lórí Platt, kúrò nínú ìwé yìnyín ayébáyé, torí ohun tó kù nínú rẹ̀ kéré débi pé kò lè máa sún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ mọ́ bí yìnyín ayébáyé ṣe ń ṣe. Èyí tó wà ní àríwá náà ń lọ.

Ó ku omi ìwòsàn. Ọkùnrin kan wà tó ń ta á nínú ìgò kékeré, tó ń sọ fún àwọn àgbàlagbà wa ní London pé òkúta ti fọ omi náà mọ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Kò ka ìwé, kò sì fẹ́ kà á. Omi tó bá gba inú yanrìn kọjá fún ìgbà pípẹ́, yanrìn á sẹ́ ẹ. Nínú òkúta ẹfun, kò sí asẹ́ kankan. Páìpù ni. Ẹ rántí aró: bí aró bá lè ti orí Platt dé ìsun, kí ni kò lè dé ibẹ̀? Nígbà ooru, àgùntàn ń jẹ̀ lórí Platt. Àgùntàn kì í lo ṣáláńgá. Ẹ̀yin náà ń bẹ níbẹ̀. Mo ti rí yín lẹ́yìn àpáta, ẹ rò pé ẹnìkan ò rí yín.

Ẹnì kan bá mi jiyàn pé ṣebí omi òkè ẹfun ni gbogbo Vienna ń mu. Òótọ́ ni! Páìpù àkọ́kọ́ dé Vienna ní 1873 láti òkè Rax àti Schneeberg, ìkejì ní 1910 láti Hochschwab. Ṣùgbọ́n ìlú Vienna ń ṣọ́ òkè wọ̀nyẹn bí ẹni ń ṣọ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà, igbó orí rẹ̀, ilé orí rẹ̀, títí kan ibi tí maalu ń jẹ̀, wọ́n sì ń yẹ omi náà wò kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àwa tí a kàwé rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń fi ìgò ṣòwò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé, ìdí tí mo fi ń kọ èyí gan-an. Àwọn ará Jámánì sọ òkè yìí ní Wetterstein, òkúta ojú ọjọ́. Ní oṣù keje 2008, àwọn sárésáré kan ń sáré gun Zugspitze láti ìsàlẹ̀, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lókè, ẹni méjì kú nínú òtútù. Oṣù keje ni mo wí o. Bí ẹ bá ti gbúròó àrá, ẹ kúrò lórí góńgó òkè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn irin tí wọ́n kàn mọ́ òkúta, kíákíá. Ẹ má sì sọ fún mi pé àgbélébùú wúrà tó wà lórí òkè á gbà yín. Láti 1851 ni àgbélébùú ti wà lórí Zugspitze, irin sì ni. Àrá ti sán lù ú rí.

Òjò orí òkè kò sì parí sórí òkè. Àbáyọ gbogbo ohun tí mo ń wí nípa páìpù nìyẹn. Omi tó rọ̀ sórí Platt á sọ̀ sínú Reintal, á gba Partnachklamm, àlàfo tóóró kan tí kò ju 702 mítà lọ ní gígùn, tí ògiri rẹ̀ sì ga tó 80 mítà. Oòrùn lè máa ràn sórí yín nínú àlàfo náà, kí ìkún omi ti gbéra lókè. Adágún aláwọ̀ búlúù kan wà ní Reintal tẹ́lẹ̀, Blaue Gumpe ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ìkún omi oṣù kẹjọ 2005 fi òkúta wẹ́wẹ́ dí i. Ilẹ̀ gbígbẹ ni báyìí. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá ti ìlẹ̀kùn àlàfo náà, ẹ má bá a jà, ẹ má fún un ní owó ẹ̀yìn, ẹ má gorí irin fo ìlẹ̀kùn kọjá. Mo ti rí ọkùnrin tó gbé ọmọ ọdún mẹ́rin fo irin yẹn. Mo pariwo lé e lórí lédè mẹ́ta.

Bàbá Manchester dé lóṣù kẹjọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, lítà márùn-ún márùn-ún. Wọ́n ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n ń rìn ju àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀ lé wọn lọ. Nígbà tí a dé ìsun, omi ń tú jáde ní ẹsẹ̀ òkúta, ó mọ́ gaara, ó tutù débi pé ó ń wọ eegun. Wọ́n kúnlẹ̀. Èmi náà ṣí fìlà. Ẹni tí ibẹ̀ kò bá yà lẹ́nu, ó yẹ kó lọ rí dókítà. Wọ́n bu kẹ́ẹ̀gì méjì kún.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi sè é kí ẹ tó mu ún o."

"Ọmọ mi, bí a bá sè é, agbára inú rẹ̀ á lọ."

Mo dákẹ́. Àgbà ni wọ́n.

A sùn ní Reintalangerhütte, nísàlẹ̀ díẹ̀. Lóru, àrá ń kù lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀kán òjò kan ò bọ́ sórí òrùlé wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá ní kí a padà lọ bu mẹ́rin tó kù. A débẹ̀, a bá ìsun ní ìlọ́po mélòó kan ti àná, ó ń pariwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Nǹkan dúdú róbótó róbótó ń léfòó lórí rẹ̀.

Bàbá wò ó títí. "Òjò ò kúkú rọ̀ níbí lánàá."

"Kò rọ̀ níbí, sà. Orí Platt ló ti rọ̀, lọ́dọ̀ àwọn àgùntàn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan omi náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò. Wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi padà dé ilé ìsinmi. Nígbà tó yá, mo rí wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n ń da kẹ́ẹ̀gì méjì àná sí ìdí igi kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ta omi sílẹ̀ fún òkú ọ̀run. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí mi.

"Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń ta Fanta níbí?"