Bí Eré Dókítà Orí Tẹlifíṣọ̀n Ṣe Ń Lo Ọjọ́ Orí, àti Bó Ṣe Ń Já Èrò Wa Nípa Rẹ̀

Eré ọsibítù kì í ní àkókò púpọ̀ láti fi aláìsàn han òǹwòran. Lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ń fi ìpolówó pawó, eré oníwákàtí kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ bí a bá yọ ìpolówó kúrò. Aláìsàn bíi mẹ́ta ló máa ń pín ìṣẹ́jú wọ̀nyí, ìfẹ́ àti ìjà àwọn dókítà fúnra wọn á sì tún gba tiwọn níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ eré kò ráyè sọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, ohun tí òǹwòran ti rò pa tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbára lé. Irun funfun, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ọmọ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́: kíá, a ti gbà pé arúgbó yìí ń gbàgbé nǹkan, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni eré tó dáa ti ń rí àyè já èrò náà. Á kọ́kọ́ jẹ́ ká gba ohun tí a rò gbọ́, lẹ́yìn náà ni àbájáde àyẹ̀wò á wá sọ pé a ṣìnà. Eré dókítà ju ọ̀pọ̀ eré mìíràn lọ nínú èyí, torí pé wíwá ohun tó ń ṣe aláìsàn ni òpó ìtàn rẹ̀. Èèyàn lè bá ìwàásù jiyàn, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jiyàn.

Ní 1999, ER, eré Amẹ́ríkà nípa ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, mú dókítà àgbà kan wọlé, Gabriel Lawrence, tí Alan Alda ṣe. Ògbóǹtarìgì ni, òun ló kọ́ Kerry Weaver, ọ̀kan lára àwọn dókítà inú eré náà, níṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, Alzheimer, àìsàn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ jẹ́, ló sì jẹ́. Wọ́n ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, Alda náà ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí òǹwòran ti fojú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni ìtàn gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀nà mìíràn ni Grey's Anatomy, eré dókítà Amẹ́ríkà mìíràn, gbà. Láti 2005 tó ti bẹ̀rẹ̀ ni Alzheimer ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara Ellis Grey ni wọ́n fi sí, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ abẹ tí kò tíì dàgbà tó ẹni tí a máa ń retí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Richard Webber, oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí James Pickens Jr. ń ṣe, ti fẹ́ràn obìnrin yìí rí, ó sì mọ ohun tí àìsàn náà fi ojú rẹ̀ rí. Nígbà tó fi máa di 2020, Webber fúnra rẹ̀ ti dàgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dé iwájú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìpàdé ńlá kan, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ti ń múra ọkàn sílẹ̀. Ọ̀dọ́ dókítà kan, DeLuca, tí ìwà tirẹ̀ náà ti ń kọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóminú nígbà náà, ló rí i pé irin tí wọ́n fi rọ́pò oríkèé ìbàdí Webber ló ń da cobalt, irú irin kan, sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ irin náà, orí rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò.

Èyí kì í ṣe àrà tí òǹkọ̀wé kàn dá. Tí oríkèé àtọwọ́dá tó jẹ́ irin lórí irin bá ń ha ara wọn, cobalt lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè ba ọkàn, etí, ojú àti iyè jẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tó ṣeé tọ́jú ló máa ń jọ àìsàn ìgbàgbé: àìtó fítámìnì B12, ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kòkòrò tó wọ ojú ilé ìtọ̀, oògùn tí wọ́n lò pọ̀, ìbànújẹ́ ọkàn. Ẹni tó bá sọ pé “ọjọ́ ogbó ni” kó tó yẹ̀ ẹ́ wò ti ti ilẹ̀kùn ìwòsàn pa mọ́ bàbá tàbí ìyá yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìtàn Webber sí ọ̀kan lára èyí tó wúlò jù nínú irú eré yìí.

Ọ̀nà kejì ni pé kí eré yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Nínú The Pitt, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, tí apá 15 ti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 15 nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan ní ẹ̀ka pàjáwìrì ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé bàbá àgbà kan dé, Spencer. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ mí fún òun. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ tẹ̀lé e, ọmọbìnrin rẹ̀ kò gbà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe èèyàn burúkú, ìfẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú, eré náà sì jẹ́ ká rí i bí ìfẹ́ ṣe ń gba ẹnu àgbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ìdílé Yorùbá tó ti gbé òbí lọ sí ọsibítù rí tí èyí máa ṣàjèjì sí.

Nínú eré kan náà, bàbá mìíràn, Willie, wá torí ẹ̀rọ kékeré tó ń bá ọkàn rẹ̀ lù. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà ń sọ èdè iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀, òun náà ń fi èdè iṣẹ́ dá wọn lóhùn. Ó wá hàn pé ó wà lára Freedom House Ambulance, àwọn aláwọ̀ dúdú ní Hill District, àdúgbò kan ní Pittsburgh, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967, tí wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìtọ́jú pàjáwìrì nínú ọkọ̀ di iṣẹ́ ìmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe lóore jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn lélẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní èrò tí wọ́n ń gbé kọ́ wọn lọ́rùn: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Doogie Howser, M.D. (1989 sí 1993) fi ọmọ ọdún 16 ṣe dókítà, ó sì fi ìyàlẹ́nu rẹ̀ ta ọjà. Victoria Javadi nínú The Pitt, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 20, sún mọ́ òótọ́ jù ú lọ. Ó mọ ìwé ju ọ̀pọ̀ lọ, síbẹ̀ ó dákú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tó rí ẹsẹ̀ tí awọ rẹ̀ ti bó. Ìmọ̀ rẹ̀ kò pa kíkéré rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀nà tó lágbára jù ni àkókò fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ darí rẹ̀. Nínú eré ọsibítù St. Elsewhere, Norman Lloyd gba iṣẹ́ apá mẹ́rin péré láti ṣe Dókítà Auschlander, àgbà tí jẹjẹrẹ wà lẹ́dọ̀ rẹ̀. Ó wúlò fún eré náà débi pé ó wà níbẹ̀ láti 1982 títí di 1988, àgbà tó ń ṣàìsàn, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ní Britain, Cathy Shipton ṣe nọ́ọ̀sì Duffy láti apá àkọ́kọ́ eré ọsibítù Casualty ní 1986. Nígbà tí Duffy wá ní àìsàn ìgbàgbé, tó sì kú ní 2020, àwọn òǹwòran ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i bí arúgbó kan lásán. Noah Wyle náà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nínú ER ní 1994, ó wá ń ṣe ọ̀gá tó ń kọ́ni nínú The Pitt.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé fífi ọgbọ́n fún àgbà ti tó. Dókítà Zorba nínú Ben Casey, ní 1961, gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn. Ẹ fi í wé Dana Evans, olórí nọ́ọ̀sì nínú The Pitt, ipa tí Katherine LaNasa fi gba Emmy, àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ní 2025 nígbà tó wà ní ẹni ọdún 58. Aláìsàn kan gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, inú sì ń bí i, ó ń ronú bóyá kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ìbínú, ó ní àárẹ̀, ó ní ìpinnu tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwọn obìnrin àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò tíì rí irú ìyẹn gbà tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń wọlé láìní iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí, ọmọ wọn ló sì ń dáhùn ìbéèrè tí dókítà bi wọ́n.