Eré Ìmọ̀lára: Ohun Tó Jẹ́, àti Ibi Tí Ìdọ̀tí Rẹ̀ Ti Ń Wá

Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta lọ́wọ́ á ti gbọ́ sensory play lẹ́nu olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òbí mìíràn. Eré ìmọ̀lára ni a ó máa pè é níbí. Òun ni eré tí ọmọ ń fi ara rẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe rí: kó bu ìrẹsì gbígbẹ sọ́wọ́, kó máa wo bó ṣe ń yọ́ bọ́ láàárín ìka rẹ̀, kó da omi láti inú ife kan sínú òmíràn, kó tẹ amọ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi pẹlẹbẹ, kó fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Kò sí ẹni tó ń máàkì, kò sì sí ohun kan pàtó tó gbọ́dọ̀ jáde láti ọwọ́ ọmọ nígbà tí eré bá parí.

Ìdọ̀tí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí dán an wò. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ìkòkò ṣì wà lórí iná, kò ní fẹ́ máa ṣa ìrẹsì lábẹ́ àga. Àmọ́ ìdọ̀tí eré yìí kì í ṣàdédé wá. Kí ọmọ tó fọwọ́ kan nǹkan rárá ni àgbà ti pinnu bí yóò ṣe pọ̀ tó, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Irú nǹkan tó gbé kalẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tó gbé e sí ló máa sọ iye wákàtí tí yóò fi gbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tí ìmọ̀lára túmọ̀ sí, nítorí òye rẹ̀ gan-an máa ń dín iṣẹ́ kù. Márùn-ún la mọ̀ jù: ìríran, ìgbọ́ràn, ìgbóòórùn, ìtọ́wò àti ìfọwọ́kàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdàgbàsókè ọmọ máa ń fi méjì kún un. Ọ̀kan wà nínú etí lọ́hùn-ún, òun ló ń sọ fún ọpọlọ bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a ti fẹ́ ṣubú. Èkejì wà nínú iṣan àti oríkèé ara; òun ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí apá wa wà bí a tilẹ̀ dijú, òun náà ló ń sọ bí agbára tí a ó fi gbé nǹkan ṣe yẹ kó pọ̀ tó. A. Jean Ayres, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó fi ayé rẹ̀ ran àwọn ọmọdé tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń nira fún lọ́wọ́, ló gbé ọ̀rọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń so gbogbo ìròyìn wọ̀nyí pọ̀ jáde láti àwọn ọdún 1960.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ bá ń ti apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó wúwo láti yàrá dé pálọ̀, tó ń yí gbiri lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí bàbá rẹ̀ ń fì í síwá-sẹ́yìn nínú aṣọ ìbora, eré ìmọ̀lára ló ń ṣe, ìrẹsì kan kò sì bọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá ti rẹ̀ yín, ìyẹn ni kí ẹ ṣe. Kò sí ẹni tó sọ pé ojoojúmọ́ ni kí ọwọ́ ọmọ máa rin.

Ní ti dídà nǹkan nù, ó ní ìdí. Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí èrò ọmọdé ṣe ń dàgbà, ará Switzerland tó gbé ayé láti 1896 sí 1980, sọ pé láti ìgbà ìbí títí di nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, ìmọ̀lára àti ìrìn ara ni ọmọ fi ń ronú. Ó tún ṣàkíyèsí pé láàárín oṣù 12 sí 18, ọmọ kì í kàn tún ohun kan náà ṣe, ó máa ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ kó lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó ju ṣíbí sílẹ̀ láti òkè, ó jù ú láti ẹ̀gbẹ́, ó wá jù ú sínú omi. Ojú àgbà lè rí i bí oríkunkun, àmọ́ ọmọ ń wò ó bóyá dídún rẹ̀ yóò yàtọ̀ ni. Ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí kò lè ṣe kó má dà á nù. Bí ẹ bá gbé abọ́ ìyẹ̀fun síwájú rẹ̀ tí ẹ wá ń sọ fún un pé kó má da nǹkan sílẹ̀, ohun tí agbára rẹ̀ kò ká lẹ ní kó ṣe.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Larissa Samuelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2013. Wọ́n gbé nǹkan 14 tó rọ̀ tàbí tó ń ṣàn síwájú àwọn ọmọ olóṣù 16, oúnjẹ àti ohun mímu ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tí ọmọ kò gbọ́ rí. Ife tàbí bọ́ọ̀lù kì í yí ìrísí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣàn kò ní ìrísí tirẹ̀, nítorí náà ojú nìkan kò tó láti fi dá a mọ̀. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ ẹ́, tó fi sẹ́nu, tó tilẹ̀ jù ú nù, ni wọ́n dá a mọ̀ jù nígbà tí wọ́n tún gbé e wá ní ìrísí mìíràn. Àwọn tó jókòó sórí àga gíga tí ọmọdé fi ń jẹun sì ṣe dáadáa ju àwọn tó jókòó sídìí tábìlì lásán, torí ó ti mọ́ wọn lára pé orí àga yẹn ni wọ́n ti ń fi oúnjẹ para.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò sí níbì kankan nínú ìwádìí yẹn pé bí ilé bá ṣe dọ̀tí tó ni ọmọ á ṣe gbọ́n tó. Ọwọ́ tó kan nǹkan ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ife ìrẹsì kan yóò kọ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ìdajì àpò yóò kọ́ ọ, àmọ́ ẹni tó máa gbálẹ̀ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Àwọn àwòrán tí a ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti kó ìrẹsì aláràbarà kún ọpọ́n ńlá, ló ń tan òbí jẹ. Ife kan tó. Bí ó bá ti dà á nù tán, eré lè parí síbẹ̀, tàbí kí ẹ jọ kó o padà kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ẹ gbé e sí ló kàn. Ilẹ̀ ló dára jù lójú tèmi. Ohun tó bá bọ́ láti orí tábìlì á ta jìnnà, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ láti ọwọ́ ọmọ tó jókòó sílẹ̀ kì í lọ jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá kan tó ti gbó, kó fẹ̀ ju ibi tí ẹ rò pé ó máa dé lọ. Ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ tí etí rẹ̀ ga díẹ̀ sí àárín, kí ọmọ jókòó sórí aṣọ náà gan-an, kì í ṣe ní etí rẹ̀. Nígbà tí eré bá parí, ẹ kọ́kọ́ gbọn ara ọmọ sórí aṣọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí ẹ ká ṣòkòtò rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ìrẹsì máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ, ẹ gbé e sókè, gbogbo rẹ̀ á ṣàn jọ sí àárín, ẹ ó sì dà á padà sínú ike. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ó lè má tilẹ̀ kan ìgbálẹ̀. Tí ó bá jẹ́ nǹkan olómi, ibi ìwẹ̀ tàbí ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kí ẹ sì bọ́ aṣọ rẹ̀, nítorí awọ ara yá á fọ̀ ju aṣọ lọ.

Ohun gbígbẹ àti ohun tútù kò gba ìtọ́jú kan náà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Ẹ mú sítáàṣì àgbàdo tí a fi omi díẹ̀ pò bí àpẹẹrẹ. Bí ọmọ bá fún un mọ́wọ́, ó máa le bí òkúta. Bí ó bá la ọwọ́, ó máa ṣàn lọ bí omi. Ìyanu gbáà ló jẹ́ fún ọmọdé, kódà fún àgbà. Nígbà tó bá ta sílẹ̀, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ká mú àkísà tútù nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ni yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gbogbo ilẹ̀ á funfun. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Á padà di ẹ̀tù, ìgbálẹ̀ á sì gbá a lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú abọ́, inú pàǹtí ni kí ẹ kó o sí. Tí ẹ bá dà á sínú ọpọ́n ìfọwọ́, á rì sí ìsàlẹ̀ páìpù, á sì dí i. Bákan náà ni iyanrìn.

Ohun tí a fi ìyẹ̀fun ṣe tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ha á kúrò, kí ẹ tó fi omi tútù fọ èyí tó kù. Omi gbígbóná máa ń sọ sítáàṣì di lẹ́ẹ̀. Ní ti àwọ̀, ẹ ka ara ike ọ̀dà kí ẹ rí i pé irú èyí tí omi lè fọ̀ ni, kí ẹ sì kọ́kọ́ kán an sí etí aṣọ kan wò. Ẹ sì lè da ọ̀dà sínú ọ̀rá tó ṣeé dí, kí ẹ fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ọmọ dé. Á máa tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ á máa yí mọ́ ara wọn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kàn án.

Ewu wà nínú àwọn nǹkan kan tó ju ìdọ̀tí lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ omi, àwọn rògbòdò kéékèèké tó máa ń wú nínú omi, kò yẹ kó wà nílé tí ọmọ kékeré wà rárá. Bí ọmọ bá gbé e mì, á wú nínú rẹ̀, ó sì lè dí ìfun. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò tíì sè kì í ṣe ohun tí wọ́n ti pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi èyí tí a pò láìsè ṣeré. Amọ̀ oníyọ̀, èyí tí a fi ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti omi pò, náà léwu bí ọmọ bá jẹ ẹ́ púpọ̀, nítorí iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Omi tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lè pa ọmọdé, nítorí náà ẹ má ṣe yẹsẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì da omi nù ní gbàrà tí eré bá parí. Ní ti ohun tó lè há ọmọ lọ́fun, òfin Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ nǹkan ìṣeré àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wò, ihò kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 31.7. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán ti kéré jù. Ihò páálí tó wà nínú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ lè fi í wọn nǹkan nílé. Bí ọmọ yín bá ṣì ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu, ìrẹsì gbígbẹ àti ẹ̀wà kò tíì kàn án. Omi, èso tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí ìrẹsì sísè tó ti tutù ni kí ẹ lò.

Iṣẹ́ ìnulẹ̀ pàápàá, eré ìmọ̀lára ni. Nígbà tí Maria Montessori, dókítà àti olùkọ́ ará Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1907, gbígbálẹ̀, fífọ tábìlì àti dída omi wà lára ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó bá ọwọ́ wọn mu. Kànrìnkàn tó ti mu omi wúwo lọ́wọ́ ọmọ, ó ń rọ̀, ó ń kán, fífún un sì ń fún iṣan ọwọ́ lágbára. Ẹ fi téèpù fa igun mẹ́rin sórí ilẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ gbá ìrẹsì wọ inú rẹ̀. Díẹ̀ ni yóò débẹ̀. Ẹ má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe lójú rẹ̀. Ẹ lè gbá èyí tó kù nígbà tó bá ti yíjú.

Àwọn ọmọ kan kì í fẹ́ kí ọwọ́ wọn dọ̀tí rárá. Ẹ má fipá ti ọwọ́ ọmọ bọ nǹkan. Ẹ fún un ní ṣíbí tàbí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé aṣọ tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè nu ọwọ́ nígbà tó bá wù ú, kí ẹ sì fi tiyín bọ̀ ọ́ kó rí i. Bí ìfọwọ́kàn bá ń dà á láàmú débi pé kò lè jẹun tàbí wọ aṣọ láìsí ẹkún, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ kó o kúrò nílẹ̀ kì í fara sin. Ojú ọmọ á kúrò lára nǹkan náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn ká gbogbo yàrá, á sì máa wojú yín. Ẹ sọ fún un pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i, kó dà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jọ kó o. Ìrẹsì tó gbẹ lè padà sínú ike oníderí títí di ọjọ́ mìíràn. Èyí tí itọ́ tàbí omi bá ti kàn, ẹ dà á nù.